Ọmọ Oníbodè ní Deco Road

Kò sí ẹni tó ń wá àgádágodo ní Deco Road, nílùú Warri, tí wọn kò ní júwe ṣọ́ọ̀bù Kúbúrátù fún. Mama Padlock ni àwọn oníbàárà ń pè é, Ìyá Gbénga ni àwọn tó mọ ilé rẹ̀ ń pè é, ó sì ń jẹ́ méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi, ṣùgbọ́n irin kún inú rẹ̀ débi pé ẹni tó bá sanra gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ wọlé. Àgádágodo géètì wà níbẹ̀, ti àpótí wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, ìkọ́ ilẹ̀kùn náà sì wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ná ọjà jù, Kúbúrátù á wo ojú rẹ̀ dáadáa, á ní, “Oga, thief no dey price door.” Owó á sì jáde.

Ohun tí àwọn ará Warri kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ ìdílé ni obìnrin yìí ń ṣe. Òkè-Ibodè ni wọ́n bí i sí, abúlé kan lórí òkè olókùúta ní ìpínlẹ̀ Ògùn, létí ààlà. Láyé ogun, odi kan wà lórí òkè náà. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà yẹn ni wọ́n sì ń pè ní Oníbodè. Òun ló ń bi èèyàn pé ta ni, níbo lo ti ń bọ̀, kí ló wà nínú ẹrù rẹ? Bí ìdáhùn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fa ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí o bá ẹkùn sùn síta.

Nígbà tí Kúbúrátù fi gbọ́njú, odi ti di ahoro. Ewúrẹ́ ló ń gun orí rẹ̀, àwọn obìnrin abúlé sì ń sá láfún sórí àwọn òkúta tó tẹ́jú. Oríkì ni odi náà kù sí. Bí ọmọ bá ń sunkún, bí ọmọ bá jí, bí ọmọ bá jẹun yó, ohun tí wọ́n ń kì í náà ni pé:

Ọmọ Oníbodè odi,
ọmọ abini-léèrè-kó-tó-ṣílẹ̀kùn.
Odi wó, ẹ má sunkún odi,
òkúta odi la fi kọ́lé ọmọ.

Àwọn ọkùnrin ilé wọn a máa fi Olúsànmí yangàn, ẹni tó jẹ Oníbodè kẹ́yìn. Wọ́n á ní kò sí àjèjì tó tàn án jẹ rí. Ìyá àgbà Kúbúrátù nìkan ló sọ ìyókù ìtàn náà fún un, níbi tí wọ́n ti ń yí láfún padà nínú oòrùn. Ìyá àgbà ní òdìkejì ààlà ni Olúsànmí ti fẹ́ ìyàwó. Obìnrin náà lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì padà sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé bàbá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló dé ẹnu odi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó sì pe ọkọ rẹ̀. Olúsànmí fetí sílẹ̀, ó ní, “Ohùn ìyàwó mi ni, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ kọ́.” Ó rò pé àwọn ọ̀tá ló fi obìnrin bojú, kò sì ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀já tí obìnrin náà fi pọn ọmọ nìkan ni wọ́n bá lẹ́nu odi. Àwọn ajínigbé ti kọjá níbẹ̀.

“Ìgbà yẹn ni odi wó,” ni ìyá àgbà wí. “Ogun kankan kò fọ́ ọ. Ta ló fẹ́ lọ sóko kí ó má mọ̀ bóyá wọ́n á dá ohùn òun mọ̀ tó bá dé? Wọ́n ń kó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Olúsànmí àti ilẹ̀kùn rẹ̀.”

Kúbúrátù gbọ́ ìtàn náà, ó gbé e pamọ́ sínú, ó dàgbà, ó lọ́kọ, ọkọ rẹ̀ oníṣòwò irin sì mú un wá sí Warri. Ọkọ kú, ó jogún ṣọ́ọ̀bù. Ó tọ́ Gbénga, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, títí ó fi di awakọ̀ tírélà. Gbénga náà lọ fẹ́ Cynthia, ọmọ Ijaw. Ará Bayelsa ni Mary, ìyá Cynthia, láti ìlú kan tí Kúbúrátù ń pè ní Òdí, bó ṣe dún létí rẹ̀. Níbi ìdána, Kúbúrátù gbé àgádágodo bàbà ńlá kan jáde, ó fi ta Mary lọ́rẹ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, kí ilé àna òun ṣá má ṣí fún ọ̀tá. Kò sí àgádágodo tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní fi ìṣó ha lẹ́tà K kékeré sí lábẹ́, ó sì ti ha á sí ìyẹn náà.

Ìgbéyàwó náà kò tíì pẹ́ tí àwọn sójà fi wọ ìlú Mary. Gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ bí ilé ṣe jó níbẹ̀. Mary sá wá sí Warri pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó gba yàrá létí omi lápá Ugbuwangue, ó ń yan ẹja tà. Kúbúrátù lọ bá a, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sunkún pọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹkún ló fa wàhálà níwájú.

Ọdún tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Warri gan-an, láàárín àwọn Ijaw àti àwọn ẹ̀yà tí wọ́n jọ ń gbé, ni Cynthia bí Ìlérí, lẹ́yìn tí wọ́n ti wojú Olúwa fún ọmọ pẹ́. Ọdún burúkú ni ọdún náà. Àwọn ọmọkùnrin fi táyà àti pákó dínà, wọ́n ń dá èèyàn dúró, wọ́n ń sọ pé, “Talk your language make we hear.” Bí ahọ́n rẹ bá ṣe yí ni wọ́n á fi mọ ibi tí wọ́n máa pín ọ sí. Àwọn aládùúgbò tó ti jọ ń bu iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kíra wọn látòkèèrè. Àwọn aláṣọ ń ráhùn pé ọjà kò yá. Kúbúrátù kò lè bá wọn ráhùn, gbogbo Warri ló ń tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó sì rí àgádágodo lára ilẹ̀kùn yàrá Cynthia nínú ilé tí wọ́n jọ ń gbé. Ó dúró, ó wò ó. Gbogbo ohun tó ń ti nǹkan nínú ilé yẹn, láti orí géètì dé orí àpótí ìrẹsì, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Èyí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹrù Main Market ni, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà góòlù. Ó yí i wò, kò rí K kankan lábẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kí a má parọ́. Ẹni tó ń gbé ilé alágbẹ̀dẹ tó wá lọ ra ọkọ́ níbòmíràn, ó ní ohun tó ń sá fún.

Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti là sí gbogbo ìṣe Cynthia. Bí òun bá gbé Ìlérí lẹ́sẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, Cynthia á wá gba ọmọ náà, á ní ó fẹ́ sùn. Ọmọ tí ojú rẹ̀ là kedere! Cynthia kì í jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí fóònù bá dún, á lọ sẹ́yìnkùlé, á máa fi Ijaw sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Gbénga kò sí nílé, ó gbẹ́rù lọ Èkó, ojú ọ̀nà kò sì jẹ́ kó padà. Àwọn obìnrin méjì ń gbé inú ilé kan, wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ ara wọn.

Godwin, káfíńtà tó háyà yàrá iwájú lọ́wọ́ Kúbúrátù, kò ràn án lọ́wọ́. Ọkùnrin tó lè fura sí òjìji ara rẹ̀ ni Godwin. Ó ní, “Mama Padlock, shine your eye o. Her people dey inside this fight. Wetin she dey lock for that room?”

Kúbúrátù ní kó má sọ ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a wọlé. Ó ń rò ó pé bó bá jẹ́ ìbọn ńkọ́? Bí àwọn ọmọkùnrin kan bá ti fún un ní ìbọn pa mọ́, tí àwọn sójà sì tú ilé? Wọ́n á kó gbogbo wọn, wọ́n á finá sílé, ta ni yóò sì gbé Ìlérí? Ọmọ yẹn ni gbogbo ohun tó ń bà á lẹ́rù. Kò lè sùn mọ́ kó má lá àlá iná.

Nígbà tó di Sátidé, Cynthia pọn ọmọ lọ sí ọjà. Kúbúrátù mú irin tín-ín-rín kan, ó kì í bọ inú àgádágodo náà, ó sì ṣí kó tó pe bísímílàhì tán. Ó tún pòṣé: irú èyí ni wọ́n ń fi owó rà?

Kò bá ìbọn níbẹ̀. Ohun tó bá ni báàgì tí wọ́n ti di aṣọ Ìlérí sí, gbogbo rẹ̀ pátá, dórí fìlà. Wọ́n fẹ́ gbé ọmọ sá lọ nìyẹn. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí agolo ọ̀dà tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó ní bọ́ǹbù rèé. Ó tú aṣọ náà, ó wo inú agolo, ó sì rí eérú díẹ̀ àti àgádágodo bàbà kan tí iná ti jó dúdú. Ó gbé e sókè. Ilẹ̀kùn tó ń tì ti jó, ilé ti jó, ṣùgbọ́n àgádágodo náà ṣì wà ní títì. Ó fi àtàǹpàkò nu abẹ́ rẹ̀. K ló rí.

Ó ṣì dì í mú nígbà tí Cynthia wọlé.

“I know say you fit open am,” ni Cynthia wí. “I just dey pray say you no go do am.”

“Cynthia, kí ni mo ṣe fún ẹ? Wetin I do you wey you wan carry my pikin run?”

“Wetin you do? Mama, I dey hear Yoruba. No be today I marry Gbénga. Every evening you go carry Ìlérí, you go dey sing am for her ear. *Odi wó. Ẹ má sunkún Odi.* Odi don fall, make nobody cry for Odi! My mama house wey only ash and that padlock remain when I go look am. My uncle wey we never see till today. And na you come sit down with my mama dey cry!”

Kúbúrátù káwọ́ lérí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe é. Létí ọmọ Yorùbá, odi tí wọ́n ń mọ yí ìlú ká àti Òdí ti àwọn Mary kò bára tan rárá, bí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko kò ṣe bá ọkọ̀ ojú omi tan. Ohùn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ìgbà tó ti ń ki Ìlérí, kò wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan rí pé ẹnì kan lè gbọ́ èkíní kó rò pé èkejì ni. Létí Cynthia tó fi Píjìn dàgbà, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

“Háà! Cynthia! Odi na wall! Na... na fence! Fence wey dey my papa village, for on top hill!”

“Fence.”

“Ẹ̀n, fẹ́ǹsì! Fẹ́ǹsì olókùúta!”

“Mama,” ni Cynthia wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀, “who dey sing for fence?”

Èmi náà tí mo ń sọ ìtàn yìí kò mọ èsì tí a lè fún un. Kúbúrátù fi Ọlọ́run búra, ó fi Gbénga búra. Cynthia ní, “And this room wey you break, na fence you dey find too?” Ó gba àgádágodo jíjó náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ báàgì kọ́ èjìká, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó ní ilé ìyá òun lòún ń lọ. Kúbúrátù kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Cynthia yà fún un, ó jáde.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ̀ ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápá etí omi. Ìgboro tú. Kúbúrátù ti fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo tó lágbára jù lọ ti géètì. Godwin dúró lẹ́yìn géètì pẹ̀lú òòlù. Kúbúrátù kò lè jókòó, ó ń lọ ó ń bọ̀, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń pe Ìlérí.

Ni ẹnì kan bá gbá géètì. Èdè Ijaw ni wọ́n ń pariwo níta, ohùn ju ẹyọ kan lọ. Kúbúrátù fetí sí i, ó sì dà bíi pé ohùn Cynthia wà láàárín wọn.

“No open!” ni Godwin wí lábẹ́nu. “Dem plenty. Dem fit hold her for front take enter.”

Kúbúrátù bi wọ́n pé, “Ta nìyẹn?”

“Mama, na me.”

“Who dey with you?”

Kò sí èsì. Cynthia níta ń rò ó pé bí òun bá sọ pé ìyá òun ni, ìyá tí ahọ́n rẹ̀ kò lè fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé Ijaw ni, wọn kò ní ṣí i. Kúbúrátù nínú ilé ń rò ó pé bí kò bá sí nǹkan tó ń fi pamọ́, kí ló dé tí kò dáhùn? Ohùn Cynthia ni, ó dá a lójú. Kí ló wà lẹ́yìn ohùn náà ni kò dá a lójú. Ìfura ti jẹ́ kí páànù géètì lásán dà bí odi láàárín wọn.

Nígbà náà ni Ìlérí ké. Igbe ọmọ kò ní èdè. Kúbúrátù rántí ọ̀já tó wà nílẹ̀ lẹ́nu odi. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kò séwu. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́. Òun tó ń ta kọ́kọ́rọ́ látàárọ̀ dalẹ́ kò mọ èyí tó jẹ́ ti géètì ara rẹ̀ mọ́. Godwin dì í lápá. Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, “Ilé mi ni! Yàrá lo háyà!” Ó sì ṣí i.

Mary ló wọlé, ó fara ti ọmọ rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òórùn ẹja yíyan wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn obìnrin aládùúgbò rẹ̀ méjì tó ń fà á dìde ló ń pariwo. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Godwin wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó tì í. Kúbúrátù ti géètì padà, ó gbé omi síná, ó wá aṣọ mímọ́.

Ìlérí kò dákẹ́ ẹkún. Cynthia fẹ́ fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kò sì sí ibi tó máa gbé ọmọ sí, ló bá gbé e lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ láì wo ojú rẹ̀. Kúbúrátù gbá a mọ́ra. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. “Ọmọ Oníbodè...” Ó dé ibi ọ̀rọ̀ náà, ó gé ahọ́n jẹ. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ń retí ìyókù.

Cynthia kò yíjú padà. “Fence,” ló wí.

“Ẹ̀n?”

“Mama, put fence. Make she sleep.”

Kúbúrátù tún un bẹ̀rẹ̀. “Ọmọ Oníbodè fẹ́ǹsì... Fẹ́ǹsì wó, ẹ má sunkún fẹ́ǹsì...” Èjìká Cynthia bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mary tí kò gbọ́ Yorùbá ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Èmi náà kò lè sọ fún yín.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Cynthia kò yọ àgádágodo Main Market kúrò lára ilẹ̀kùn rẹ̀, Kúbúrátù kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́. Gbénga dé, ó bá wọn dá ẹjọ́ náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọbẹ̀ ni Cynthia kọ́kọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ìyókù ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ìlú rọ̀, tí Ìlérí ti ń sọ̀rọ̀, Kúbúrátù mú un lọ sí Òkè-Ibodè. Wọ́n gun orí òkè, wọ́n dé ibi tí ewúrẹ́ ń sùn láàárín òkúta. Olórí ẹbí ní kí ọmọ náà ki ara rẹ̀ kí àwọn àgbà gbọ́. Ìlérí dúró gbangba, ó sì kì í dórí “fẹ́ǹsì wó, ẹ má sunkún fẹ́ǹsì.” Àwọn àgbà wo ara wọn. Olórí ẹbí bínú, ó ní ta ló ba oríkì ìdílé Oníbodè jẹ́ báyìí?

“Èmi ni, Bàbá,” ni Kúbúrátù wí. “Ẹ jẹ́ kó pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá pè é ní odi, ìyá rẹ̀ kò ní ṣílẹ̀kùn fún mi.”